Ayaba Kunigúnda àti Àbúrò Yín

Rárá, Àǹtí Rónkẹ́, ẹ má gbé báàgì mi, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, n kò ní bá yín lọ. Mo mọ̀ pé láti Ìwó lẹ ti ń bọ̀, mo mọ̀ pé ẹ kò tíì jẹun, ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi yìí, ẹ mu omi, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé kí n dìde. Ó rẹ̀ mí. Kí ni ọkọ mi, àbúrò yín, sọ fún yín? Pé Abímbọ́lá bínú nítorí eré ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì sá wá sí ilé ìyá rẹ̀ ní Ìlódè bí ọmọdé, àbí? Ṣé ó sọ ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú gbogbo ìjọ? Kò sọ. Mo mọ̀ pé kò ní sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ eré náà fún yín, torí ẹ kò sí níbẹ̀. Obìnrin kan wà nílẹ̀ Jámánì, ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún báyìí, Kunigúnda lorúkọ rẹ̀. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀ ní yunifásítì, ìjọ Àgùdà sì kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Ọmọ ilé ọlá ni. Ọkọ rẹ̀, Hẹ́nrì, jọba, ó tún wá di olórí àwọn ọba, ọjọ́ kan náà sì ni Póòpù dé tọkọtaya náà ládé ní Róòmù. Bí ọkọ bá lọ sógun, ìyàwó ló ń bójú tó ilẹ̀. Ìlú tí ọkọ fi ta á lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó, ó yọ̀ǹda rẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá síbẹ̀. Ohun kan ni kò ní, Àǹtí mi. Kò bímọ.

Ẹ ti ń wò mí. Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, n kò ní parọ́ fún yín.

Ẹ sì mọ bí ẹnu ayé ṣe rí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni pé àwọn kan láàfin ní ó ń yan àlè, ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó sì gbà wọ́n gbọ́, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń jẹ tí wọ́n jọ ń mu! Kunigúnda kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní kí wọ́n ki irin ìtúlẹ̀ bọná títí yóò fi pọ́n, kí wọ́n tò ó sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó rìn lórí wọn níṣojú gbogbo ènìyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bó. Ni ọkọ rẹ̀ bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, olórí àwọn ọba, ó ní kó dárí ji òun.

Ìtàn yìí ni mo sọ fún ẹgbẹ́ ìyá ìjọ tí wọ́n fi ní ká fi ṣe eré ìkórè. Wọ́n ní èmi ni kí n ṣe ayaba. Fadá wá ní ta ló tún yẹ kó ṣe ọba bí kò ṣe ọkọ mi gan-an? Inú Oyèbánjí dùn. Bó bá ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀, ọ̀rọ̀ ọba ló ń sọ. Ó ti pẹ́ tí a jọ rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn. Mo fi páálí ṣe adé, mo lẹ bébà wúrà inú páálí sìgá mọ́ ọn. Irin ọkọ́ la tò sílẹ̀, a fi ọ̀dà pupa kùn ún.

Họ́ọ̀lù kún dé ojú fèrèsé lọ́jọ́ náà. Màmá yín wà níwájú. Mo rìn lórí irin, wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn obìnrin kan ń nu ojú. Mo dúró. Ó wá kan àbúrò yín láti kúnlẹ̀. Ó wò mí, ó wo Màmá. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní ṣé Oyèbánjí fẹ́ kúnlẹ̀ fún ìyàwó ni, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó na ọ̀pá àṣẹ sí mi, ó kọjú sí wọn, ó ní: "Kí n kúnlẹ̀ fún obìnrin tí kò bímọ fún mi? Kó kọ́kọ́ bímọ ná."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú eré, Àǹtí Rónkẹ́. Kò sí níbẹ̀ rárá. Mo ṣì dúró, mo rò pé yóò rántí ara rẹ̀. Kò rántí. Mo bọ́ adé, mo gbé e lé àga ọba, mo sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni mo sì fi rìn láti Òkè-Ogbó wá sí Ìlódè.

Ẹ ní kí n ṣe sùúrù. Ta ló ti ń ṣe sùúrù látọjọ́ yìí? Nígbà tí Màmá ní kí n lọ wẹ̀ lódò, ṣé n kò lọ? Nígbà tí wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá láti Ẹdẹ kí àbúrò yín lè wò ó, ta ló se oúnjẹ fún un? Ẹ̀yin náà, lọ́dún Kérésì tí ẹ ní ilé wa dákẹ́ jù, mo gbọ́ ọ, mo sì bu ọbẹ̀ sí i fún yín.

Ẹ gbé ife yẹn sílẹ̀ ná. A lọ rí dókítà ní Ìbàdàn, kí ìjọba ṣọ́jà yìí tó dé. Àwa méjèèjì ni wọ́n yẹ̀ wò. Kò sí ohun tó ṣe mí. Ara àbúrò yín ni ọ̀rọ̀ wà, dókítà sì sọ ọ́ fún wa bí a ṣe jókòó. Ó sunkún nínú mọ́tò títí a fi kọjá Ìkirè. Ó ní, "Bímbọ́, má jẹ́ kí ìyá mi gbọ́." Mo ní n kò ní sọ, n kò sì sọ. Ìyá tó bí mi kú, ó gbà títí dọ́jọ́ ikú pé ọmọ òun ni kò lè bí.

Ẹ má sunkún. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè sunkún.

Apá tó kẹ́yìn nínú ìtàn Kunigúnda, a kò ṣe é débẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ kú. Ọwọ́ ìyàwó ni ilẹ̀ wà títí wọ́n fi yan ọba mìíràn, ó sì kó adé àti ohun oyè yòókù fún un láìjà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ pé ọdún kan lókùú, ó wọ aṣọ ayaba lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó bọ́ ọ níbẹ̀, ó wọ aṣọ àwọn sísítà, ó ń bá wọn gbé títí ó fi kú. Tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ yẹn máa ń dùn mí. Ní báyìí, lójú mi, obìnrin náà ríbi sinmi ni.

Èmi kì í ṣe ẹni mímọ́, ọkọ mi kò sì kú. N kò fẹ́ kó kúnlẹ̀ mọ́, kí ni n ó fi orúnkún rẹ̀ ṣe? Ẹ padà lọ bá a. Ẹ ní mo ti sọ fún yín. Kó jókòó ti Màmá, kó fi ẹnu tó fi sọ ti họ́ọ̀lù sọ ohun tí dókítà sọ. Ẹ má bá a sọ ọ́, ẹnu tirẹ̀ ni mo fẹ́. Lọ́jọ́ tí Màmá fúnra wọn bá ránṣẹ́ pè mí, mo ń bọ̀ nílé. Bí kò bá lè sọ ọ́, kó kó àwọn ìwé mi ránṣẹ́ sí mi, kó fẹ́ ẹni tó bá wù ú, ká jọ máa wo ọmọ tí onítọ̀hún yóò bí fún un.