Mo Dúpẹ́ Pé Olè Ni

Ògo fún Ọlọ́run tí kì í gbàgbé! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi pariwo ògo! Háà, èyí tí ẹ pa yẹn kò tó o. Ẹ jẹ́ kó dé Ìkátẹ́, torí ọ̀rọ̀ náà dé Ìkátẹ́. Ògo! Ẹ ṣé, ẹ ṣeun.

Orúkọ mi ni Fúnmiláyọ̀ Ṣówándé. Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ mí, èmi ni mo máa ń kọ ìwé fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Níbi iṣẹ́ mi ní Òníru, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí. Bí wọ́n bá ń wá fáìlì tó ti pẹ́, wọn kì í lọ wá a nínú kọ́bọ́ọ̀dù, èmi ni wọ́n máa ń wá bi. Mo sì máa ń fi yangàn, n kò ní purọ́ níwájú Ọlọ́run. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mo pé lọ́dún yìí. Ìyá mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀ nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́n.

Iyọ̀ ni tìyá mi fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ra iyọ̀ láàárọ̀, wọ́n á tún ra òmíràn nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tí a ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná wọn ní Ìjẹ̀bú, iyọ̀ ló kún un dé òkè. A fi ṣe yẹ̀yẹ́, a rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé orúkọ wa. Lónìí, wọn kò dá mi mọ̀ mọ́. Nítorí náà, tí mo bá sọ pé ẹ̀rù bà mí nínú ẹ̀rí yìí, ẹ má rò pé ẹ̀rù owó ni. Ẹ̀rù kí n má dà bí ìyá mi ni.

Káàdì méjì ni mo ní. Ọ̀kan ni mo ń ná lójoojúmọ́. Èkejì ni mo ń pè ní káàdì àwìn, èyí tí báńkì máa fi yá èèyàn lówó kó tó san án padà lóṣù. N kì í sábà yọ ti àwìn yẹn, ọjọ́ ìṣòro ni mo tọ́jú rẹ̀ dè. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, fóònù mi dún. Báńkì ní mo fi káàdì àwìn ra oògùn ní Ìkátẹ́.

Mo ní, oògùn kẹ̀? Àmọ́ ojoojúmọ́ ni mo ń gba Ìkátẹ́ kọjá, mo sì máa ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí mo délé, mo ṣí dúrọ́ọ̀ mi. Ẹ̀yin ará, oògùn tuntun wà níbẹ̀! Mo wò ó títí. N kò rántí ọjọ́ tí mo rà á, n kò rántí káàdì tí mo fi rà á. Ó rú mi lójú. Mo ní bóyá èmi náà ni.

Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, òmíràn dé. Súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Ajah ni wọ́n ti ná an. Mo sì lọ sí Ajah lọ́jọ́ yẹn lóòótọ́! Mo ra búrẹ́dì, mo ra ọṣẹ. Ọkàn mi ń sọ pé káàdì tí mo ń ná lójoojúmọ́ ni mo fi san án, ṣùgbọ́n mo ti ju rìsíìtì nù. Ẹ sì mọ bí álẹ́ẹ̀tì wa ṣe rí, ohun tí èèyàn rà lánàá, ó lè jẹ́ òní ló máa dún. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ fi aago mú un.

Ẹ̀kẹta ló fọ́ mi lórí. Aṣọ ọmọ tuntun, ní Ìkátẹ́. Ọmọ mi obìnrin, Tọ́lá, wà nínú oyún nígbà yẹn, ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó bí. Láti oṣù tó ṣáájú ni mo ti ń sọ pé mo fẹ́ ra aṣọ ọmọ. Ṣé mo ti wá rà á? Mo sọ àpótí kalẹ̀, mo yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò, mo lọ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo ń wá aṣọ tí n kò mọ̀ bóyá mo rà. Ibẹ̀ ni ọkọ mi bá mi, lórí eékún mi, láàárín ẹrù.

Ó ní, "Fúnmi, fara balẹ̀. O ti rà á, o gbàgbé ibi tí o gbé e sí ni."

Mo ní, "Ṣé o rí mi pẹ̀lú rẹ̀ ni?"

Ó ní, "N kò rí ọ. Ṣùgbọ́n ta ló tún máa rà á?"

Ẹ bá mi dáhùn. Ta ló tún máa rà á? Oògùn tí mò ń lò, súpámákẹ́ẹ̀tì tí mò ń lọ, aṣọ ọmọ tí mò ń rò. Olè wo ló máa wá jókòó sínú ọkàn mi?

Mo pe báńkì. Obìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní, "Ẹ ǹ lẹ́ mà. Ṣé káàdì yẹn wà lọ́wọ́ yín?" Mo ṣí pọ́ọ̀sì, mo rí àwọ̀ rẹ̀, mo ní ó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ má bínú mà. Káàdì gan-an ni wọ́n kì bọ inú POS, nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n tẹ̀ sì tọ̀nà. Tí káàdì bá wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ kò sì sọ nọ́ńbà fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin náà ni mà. Àbí ẹ ti gbàgbé ni?"

Àbí ẹ ti gbàgbé ni! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ó bi mí bóyá kí òun ti káàdì náà pa. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní kó fi sílẹ̀. Ojú ń tì mí. Mo rò ó pé, tó bá jẹ́ èmi ni mò ń ná an, kí ni mo fẹ́ kí báńkì ti pa, ṣé orí mi ni?

Láti ọjọ́ yẹn, n kò gba ara mi gbọ́ mọ́. Mo máa ti ilẹ̀kùn, màá dé géètì ẹ́sítéètì, màá padà lọ wò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bi ọlọ́dẹ géètì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ti kọ́kọ́ jáde lónìí?" Ó wò mí, ó ní, "Rárá o, Mọ́mì. Ṣé kò sí?" Níbi iṣẹ́, wọ́n bi mí ní fáìlì kan tí mo mọ̀ dáadáa, mo ní kí wọ́n lọ wá a nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí. Tọ́lá pè mí lórí fóònù. Ó ti ń sunkún kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo ti bẹ ìyá ọkọ mi pé kí wọ́n wá wẹ ọmọ tí mo bá bí."

Mo ní, "Ta ni kò wá lè wẹ̀ ẹ́? Èmi?"

Ó ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí mà. Dádì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Tí ẹ bá gbé ọmọ sómi, tí ẹ wá gbàgbé ńkọ́?"

Háà! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wá di àgbà tí wọ́n ń sá fún kí orí ọmọ má baà wọ́. Èmi, ìyá tó bí i! Mo sọ fóònù kalẹ̀, mo jókòó sórí àga, n kò lè sunkún. Inú ọmọ náà kò bí mi. Èyí tó burú jù ni pé mo rò ó pé òótọ́ ló sọ.

Ọkọ mi ló gbé mi lọ sí ọsibítù ní Lẹ́kí. Dókítà obìnrin ni, ọmọdé bí ọmọ mi, ó sì kúnlẹ̀ kí wa. Ó ní, "Màmá, mo fẹ́ kí ẹ rántí ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún mi: afárá, ìyẹ̀fun, súwẹ́tà. Màá bi yín tó bá yá." Ó bi mí ní ọjọ́, ó bi mí ní oṣù, ó ní kí n máa ka nọ́ńbà bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó wá ní, "Ẹ mú ohun kan jáde nínú báàgì yín, ẹ sọ ohun tó jẹ́, kí ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè."

Káàdì burúkú yẹn lọwọ́ mi bà. Mo wọ awò, mo ní, "Káàdì àwìn mi nìyí." Mo kà á sókè: "Risikat Mustapha."

Dókítà dá bírò rẹ̀ dúró. Ó rọra ní, "Màmá, kí ni orúkọ yín?"

Ọkọ mi fi ọwọ́ bo ojú. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Jésù, Jésù." Èmi alára, mo ní ó ti dé. Ohun tó mú ìyá mi ti dé. Orúkọ ara mi, lára káàdì ara mi, ni n kò lè kà mọ́. Mo tún un kà. Risikat Mustapha. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta, omi ti ń bọ́ lójú mi.

Dókítà na ọwọ́, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó. Ó wo fáìlì tí orúkọ mi wà, ó tún wo káàdì. Ó ní, "Màmá, ohun tí ẹ kà yẹn gan-an ló wà níbí. Ta ló ń jẹ́ Risikat?"

N kò mọ Risikat! N kò mọ̀ ọ́n rí láyé! Ẹ̀yin ará, ta ló máa ń wo orúkọ ara rẹ̀ lára káàdì? Àwọ̀ la máa ń wò!

Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Mo rántí! Ilé epo kan ní Ajah ni, kí álẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó dé. Tiránsífà kò lọ, ni mo bá yọ káàdì àwìn. Ọkùnrin tó ń ta epo ní nẹ́tíwọ̀kì kò sí níbi tí mo wà, òun máa mú un lọ sábẹ́ ibòji. Oòrùn ń mú, n kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ kàn pe nọ́ńbà yín." Mo sì nahùn pè é láti ojú fèrèsé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún un pè padà fún mi kó má baà ṣì í! Ó gbé káàdì ẹlòmíì tó jọ tèmi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ọlọ́run á bù kún yín." Mo ní, "Àmín." Mo ṣe àmín fún olè!

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Mo sọ ẹ̀rọ epo tí mo dúró sí, èkejì lọ́wọ́ òsì. Mo sọ fìlà pupa tí ọkùnrin náà dé, àti bọ́tìnnì tó já lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí mo sọ ńkọ́?" Mo ní, "Afárá, ìyẹ̀fun, súwẹ́tà." Ó ní, "Orí yín pé mà. Wọ́n jà yín lólè ni."

Ẹ bá mi yọ̀ o! Mo fò dìde, mo ń pariwo, "Olè ni! Olè ni o!" Ọlọ́dẹ ọsibítù sáré wọlé pẹ̀lú kóńdó, ó ń bi wá níbi tí olè gbà. Mo dì mọ́ ọn. Mo ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́, wọ́n jà mí lólè!" Ọkọ mi ń bẹ̀ mí, ó ń nu ojú. Ó ní, "Fúnmi, forí jì mí. Mo yẹ kí n ti wádìí kí n tó sọ pé o gbàgbé."

Báńkì ti káàdì náà pa lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n wá Alhaja Risikat kàn ní Ìkátẹ́. Káàdì ẹlòmíì ló wà lọ́wọ́ àwọn náà. Ọkùnrin ilé epo ti sá lọ kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹ ó ní, owó ńkọ́? Wọn kò tíì dá a padà o. Báńkì ní èmi ni mo fẹnu ara mi pe nọ́ńbà, wọ́n ṣì ń wádìí. Mò ń san án lóṣooṣù, inú sì ń bí mi tí mo bá ń san án. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo rà, mo mọ ohun tí n kò rà. Oògùn inú dúrọ́ọ̀ yẹn, káàdì ojoojúmọ́ mi ni mo fi rà á. Kí Jésù gba ọpẹ́! Tọ́lá bí ọkùnrin. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bá mi gbé omi.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan yìí kún un, kí n lọ jókòó. Lẹ́yìn ìkómọ, mo lọ sí Ìjẹ̀bú lọ rí ìyá mi. Nígbà tí àìsàn yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé ẹnì kan jí iyùn àwọn. Gbogbo wa ní, "Màmá, ẹ ti gbàgbé ibi tí ẹ fi sí ni." A kò wá a. Ọjọ́ kan ṣoṣo, a kò wá a. Bóyá wọ́n jí i lóòótọ́, bóyá wọn kò jí i, n kò lè mọ̀ mọ́ láé.

Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo sọ ìtàn káàdì yìí fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fi "ẹ̀yin" bá mi sọ̀rọ̀, torí wọn kò mọ̀ pé ọmọ àwọn ni mí. Wọ́n ní, "Wọ́n jí tiyín náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ní ẹ gbàgbé ni?" Mo ní, wọ́n ní mo gbàgbé ni. Ìyá mi di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Wọ́n ní, "Ẹ má da wọn lóhùn. Èmi gbà yín gbọ́."

Ẹ̀yin ará, ẹni tí wọ́n ń sọ fún níbí pé òun ló ṣe ohun tí kò ṣe, má tíì gbà. Ní kí wọ́n bá ọ wò ó dáadáa. Ẹni tó sì ní àgbà nílé tó ń sọ pé wọ́n jí nǹkan òun, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ bá wọn wá a. Ọlọ́run tó gbà mí á gba ìwọ náà. Ẹ ṣé, mo dúpẹ́, ẹ bá mi fi ògo fún un!