Iná Pupa Lórí Ẹsẹ̀ Mi

Alága ẹgbẹ́ onílé wa, Alhaji Mùsáfírù, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àlejò láti Ìbàfò àti Ifọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn pọ̀: egbò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tí àtọ̀gbẹ kò jẹ́ kó jinná, òórùn rẹ̀, ayùn tí wọ́n fi ń gé ẹsẹ̀, àti géètì àdúgbò tí ẹ kì í tì. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Mo ti jágbe mọ́ púpọ̀ nínú yín nígbà tí mo ń ṣe akọ̀wé. Ẹ forí jì mí. Nígbà tí egbò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, tí mo ń dá jókòó sẹ́nu ọ̀nà nípàdé, Sàhéèdì igbákejì mi gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Bàbá, gọ́tà Mówè yìí rùn jù yín lọ." Ta ni ǹ bá tún gbé iṣẹ́ akọ̀wé lé lọ́wọ́ bí kò ṣe òun?

Àwọn tó ṣèlérí ìwòsàn fún mi kò lóǹkà, egbò sì ń jinlẹ̀ sí i. Níkẹyìn, Dókítà Rosemary ní Ìbàdàn pè mí síbi ìtọ́jú tuntun tí wọ́n ń dán wò. Wọn yóò fi jẹ́lì kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù sójú egbò. Nínú òkùnkùn, kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá tan iná pupa sí i, yóò máa pa kòkòrò tí oògùn kò rí pa mọ́, ẹran tuntun yóò sì rí ibi hù.

Mo ní, "Bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?"

"Bátìrì ló ń lò, sà."

"Ta ló ń sáàjì bátìrì?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé yóò jinná?"

"N kò mọ̀, sà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a ó gé ẹsẹ̀ náà."

Òun nìkan ni kò ṣèlérí. Ìdí tí mo fi gbà á gbọ́ nìyẹn.

Ayọ̀níkẹ́, aya mi, fẹ́ kí wọ́n gé e kíá, kí àrùn má baà wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí òun má baà di opó. Ayọ̀níkẹ́, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Jẹ́ kí n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan yìí.

Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà sílé gbogbo yín, kí ọmọ yín má fi ẹ̀kọ́ yín ṣòfò, kí a má fi òkú pe ara wa. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Kí n má baà rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, ni mo ń lọ sí Ìbàdàn.