Yìnyín Aláta Inú Fíríìjì Oògùn Inisa

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ilé ìgbẹ̀bí tuntun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dìbò. Ẹ jẹ́ kí n ka ìwé tí mo kọ yìí tán ná. Ẹ̀rù ń bà mí o, àmọ́ ayọ̀ wà nínú mi pẹ̀lú, torí láti àná tí mo ti pinnu pé n ó sọ ọ́ ni ara mi ti fúyẹ́ bí ti ọmọge. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí orúkọ Keziah Ọ̀ṣuntóyè jáde pé kó wá ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì wa, Díákónì Jọláyẹmí ní, "Ṣé Keziah tí oògùn àwọn ọmọ bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ lọ́dún 1959 náà ni?" Èmi Túnráyọ̀ Adépọ̀jù, tí ẹ fi ṣe alága, mo ń ṣe bí ẹni ń wá gíláàsì ojú mi. Kò bàjẹ́ mọ́ Keziah lọ́wọ́ o. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ọtí ni mo fi bà á jẹ́, ọtí aláta, nínú pálọ̀ ọkọ mi tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé Onítẹ̀bọmi.

Àwọn àgbà inú yín á rántí pé ìjì ṣí páànù ilé ìgbẹ̀bí àtijọ́ lọ́dún náà. Fíríìjì kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Inisa nígbà yẹn, ti ilé ìgbẹ̀bí ni. Karosíìnì ló ń lò. Iná kékeré kan ń jó nísàlẹ̀ rẹ̀, bó bá ṣe ga tó ni inú fíríìjì á ṣe tutù tó, ilẹ̀ tó tẹ́jú dáadáa ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé e lé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní tutù. Ilé wa ló ní sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú àti kọ́kọ́rọ́ gidi, bí wọ́n ṣe gbé e wá sí pálọ̀ wa nìyẹn. Keziah ni nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí wa, ọ̀rẹ́ mi sì ni láti kékeré. Òun fúnra rẹ̀ ló to ìgò oògùn abẹ́rẹ́ àjẹsára sínú rẹ̀ bí ẹni ń to ẹyin. Ó ní, "Túnráyọ̀, oògùn yìí ò gbọdọ̀ gbóná, kò sì gbọdọ̀ dì. Èmi ni n ó máa wá wo iná rẹ̀. Má fọwọ́ kàn án, mo bẹ̀ ọ́." Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ fi oògùn ṣe?" A jọ rẹ́rìn-ín.

Áà, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ ò mọ ohun tó jẹ́ kí òtútù wà nínú pálọ̀ ẹni ní oṣù kẹta, nígbà tí ooru ń mú gbogbo ìlú. Lọ́jọ́ kejì ni mo ti bu omi sínú àwo kékeré tó wà lókè inú rẹ̀. Nígbà tó dì, mo fi lé Kíkẹ́lọmọ ọmọ mi lọ́wọ́, ọmọ pariwo pé ó jó òun, ó sì tún ní kí n fún òun sí i. Mo ṣe ti omi ọsàn, ó dì. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ohun tí n ó tún jẹ́ kó dì ni mò ń rò kiri ilé.

Ibẹ̀ ni àbúrò ọkọ mi ti Èkó dé láti wá ṣọdún Àjíǹde. Àjàní lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, Bọ̀dá Èkó ni mò ń pè wọ́n. Ọkọ mi wà ní Ìbàdàn fún kọ́ọ̀sì. Bọ̀dá Èkó jókòó, wọ́n ń fẹ́ra, wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ̀yin ará ibí ò tíì mu nǹkan kan láyé. Ní Èkó, yìnyín la fi ń mu ọtí." Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Mo ní, "Bọ̀dá Èkó, ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. N ó ṣe èyí tí Èkó ò tíì rí."

Obìnrin kan ní Ìkìrun ló ń ta ogógóró nínú ìgò karosíìnì kí ọlọ́pàá má baà fura. Mo ra ìgò kan. Mo já ata wẹẹrẹ lẹ́yìnkùlé, mo là á, mo rọ ọ́ sínú ọtí náà, mo dé e pa, mo sì fi pamọ́ sẹ́yìn àwọn ìwé orin ọkọ mi. Ẹ wo èmi ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé! Lọ́jọ́ kẹta, mo fi orí ahọ́n kàn án. Yéè! Omi bọ́ lójú mi, ẹ̀rín sì gbà mí lẹ́nu. Mo fún ọsàn tí mo rà ní Igbaye sí i, mo fi ṣúgà àti omi àtalẹ̀ sí i, mo gbé e sínú fíríìjì. Kò dì. Mi ò mọ̀ pé ọtí kì í fẹ́ dì. Mo bu ọtí kúrò, mo fi omi ọsàn kún un, mo sì yí iná sókè díẹ̀. Díẹ̀ péré ni. Nígbà tó fi di àárọ̀, ó ti dì wúruwùru bí iyanrìn tó rin. Mo fi ṣíbí họ ọ́ sínú ife tíì. Á kọ́kọ́ tutù lẹ́nu, á wá dùn, kí ata tó gbá ọ̀fun mú. Mo jó nínú pálọ̀ yẹn, èmi nìkan.

Díákónì Jọláyẹmí, ẹ má bínú sí mi. Lọ́jọ́ Àjíǹde, lẹ́yìn ìsìn, ẹ yà kí wa. Bọ̀dá Èkó gbé ife kan fún yín, mo ní ọsàn àti ata ni. Irọ́ kọ́, àmọ́ mi ò sọ ìyókù. Ẹ lá a, ẹ húkọ́, ẹ nu ojú, ẹ ní, "Ata yìí mà pọ̀ o, ẹ bu sí i." Ife mẹ́ta lẹ mu, ẹ̀yin tí ọtí ò kan ètè yín rí. Ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ kọ orin ìjọ mẹ́rin lórí ìjókòó kí ẹ tó lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọ̀rẹ́ Bọ̀dá Èkó ń bọ̀ láti Òkukù nínú ọkọ̀ ojú irin. Bọ̀dá Èkó ní, "Ìyàwó, èyí tó lágbára ni o. Má fi ọsàn pa á." Mo da ọtí sí i, kò wá dì. Keziah ti wo iná rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n sì ti wá pè é kó lọ gbẹ̀bí ní Eko Ende, ìlú tó wà nítòsí wa. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo tẹ̀ ba, mo yí iná yẹn dé òpin. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń pariwo orúkọ mi! Wọ́n ní kí n wá ṣí ilé ọtí ní Èkó. Orí mi wú débi pé mo gbàgbé iná.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ìyá ọlọ́mọ ti kún iwájú ilé wa fún abẹ́rẹ́, wọ́n ń kọrin. Mo ṣí fíríìjì. Gbogbo oògùn ti dì gbagidi, ìgò òmíràn tilẹ̀ ti fọ́. Kí ni mo ṣe? Mo yọ àwo ọtí, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo yí iná padà sí àyè rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìwà ìkà! Keziah dé, ó wò ó, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó bi mí pé, "Túnráyọ̀, ṣé o fọwọ́ kan iná yìí?" Mo ní, "Rárá o." Òun ló jáde lọ sọ fún àwọn ìyá náà pé kí wọ́n máa gbé ọmọ wọn padà sílé.

Ká ní irọ́ mi dúró síbẹ̀, ì bá sàn. Bọ̀dá Èkó ti sọ fún mi kí wọ́n tó wọkọ̀ padà sí Èkó pé, "Bí o bá dárúkọ ọtí, iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ nìyẹn." Òótọ́ ni, ilé ìwé ìjọ ni. Ṣùgbọ́n wọn ò ní kí n parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá ìṣègùn kan wá láti Òṣogbo, ó bi mí ohun tí mo rí. Mo lè sọ pé mi ò mọ̀. Èmi la ẹnu, mo ní, "Mo rí nọ́ọ̀sì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Ó ń kánjú, ó yí iná náà, ó sì lọ." Ìrọ̀lẹ́ tí Keziah ń gbẹ̀bí ìbejì ní Eko Ende! Ó sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n gbà. Ó wò mí, ó ní, "Túnráyọ̀, èmi?" Mi ò lè gbé ojú sókè. Wọ́n lé e kúrò níṣẹ́ kí oṣù tó parí.

Oògùn tuntun dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àrùn kò sì mú ọmọ kankan kó tó dé. Àánú Ọlọ́run ni, kì í ṣe ọgbọ́n mi. Keziah padà sílé bàbá rẹ̀ ní Òkukù, ó dín àkàrà fún ọdún méjì kí ilé ìwòsàn kan tó gbà á, olùrànlọ́wọ́ lásán ni wọ́n sì fi í ṣe títí dòní. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi pé mẹ́wàá. Ọkọ mi ti kú, kò sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tí mo ń dáàbò bò mọ́, mo ṣì ń dákẹ́. Ìtìjú lásán ló kù.

Àná ni mo lọ bá a ní Òkukù. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sọkún, kò sì ní òun dárí jì mí. Ó ní, "Lọ sọ fún àwọn tó gba irọ́ rẹ gbọ́. Lẹ́yìn náà kí o padà wá." Lẹ́yìn náà, mo fi ìwé kan ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ Ìkìrun sí ọ́fíìsì ìṣègùn ní Òṣogbo, ohun tí mo kà yìí gan-an ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ máa dá àrà, ẹ máa gbádùn, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ pé ẹ̀yin ni kí wọ́n tó dárúkọ ẹlòmíràn, torí lẹ́yìn ìyẹn, ojoojúmọ́ lẹ ó máa tún irọ́ yẹn pa.

Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Díákónì, ẹ bọ́ sórí àga yìí, ẹ bá wọn ka ìbò, kò tọ́ kó jẹ́ èmi. Èmi á dúró síta. Mọ́tò Òkukù ti wà lójú títì, mi ò sì ní wọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi fún mi ní ohun tí n ó sọ fún Keziah.