Mo Kẹ̀yìn sí Mùìbátù Kí Ó Má Baà Rí Ẹnu Mi

Ẹ̀yin tí ẹ óò ka ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín o. Àgbàlagbà ni mí. Aṣọ òfì híhun ni iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ bàbá mi ní Ìsẹ́yìn, òun náà ni mo fi tọ́ ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ohun kan wà nínú mi tí mi ò sọ fún ìyàwó mi, tí mi ò sọ fún lémọ́mù wa. Ó ti wá wúwo ju ohun tí èmi nìkan lè gbé lọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí n gbé ọwọ́ lé Kùránì ní kóòtù, kí n búra.

Ọmọ àbúrò mi ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Mùìbátù, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ lọ fẹ́ ọkọ mìíràn, ọ̀dọ̀ mi ló sì dàgbà sí. Etí rẹ̀ di. Ó kọ́kọ́ ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ó lè kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí ó fi máa wọ ilé ìwé girama, etí méjèèjì ti dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàbá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyá tó bí èmi àti bàbá rẹ̀. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Èmi ni Ọlọ́run kàn yọ sílẹ̀.

Ọmọ náà wá ń fi ojú gbọ́ràn. Tí èèyàn bá kọjú sí i sọ̀rọ̀, á máa wo ètè onítọ̀hún, á sì dá a lóhùn geere. Nígbà kan, ó sọ fún mi pé, "Bàbá, irunmú yín ń jẹ ọ̀rọ̀ yín." Mo rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fá irunmú mi mọ́lẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi nílé òfì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Wọ́n ní, "Àlájì, ta ni ìyàwó tuntun tí ẹ fẹ́ gbé wọlé?"

Mùìbátù kàwé. Ó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Nígbà tí ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ gba olùkọ́, a gbọ́ pé òfin ti ya ààyè díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn akàndá ẹ̀dá. Ó lọ ṣe ìdánwò, ó yege. Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó wo ẹnu wọn, ó dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bi í. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó dáhùn jù, adití kì í dáhùn báyẹn. Àwọn kan sì ti ń díbọ́n kí wọ́n lè gba ààyè náà. Wọ́n ní ẹnì kan tiro wọlé tòun ti ọ̀pá, ó gbàgbé ọ̀pá náà sílẹ̀ nígbà tó ń sáré jáde lọ wọ ọ̀kadà. Nítorí náà, wọ́n ní àwọn óò rán èèyàn wá sílé wá bi wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ẹ ti máa bínú sí mi ló kù yìí.

Ní àsìkò yẹn, ọmọ tèmi, Sẹ̀kínátù, ti rí ọkọ kan ní ìlú Òtu. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Kí wọ́n tó wá tọrọ ọmọ, wọ́n á kọ́kọ́ rán èèyàn wá wádìí ilé, ẹni tí wọ́n rán kò sì ní jẹ́wọ́ ohun tó bá wá. Ọkọ kan ti kọ́kọ́ wá ṣáájú èyí. Wọ́n wádìí tán, wọn ò padà wá mọ́, wọn ò sì sọ ìdí. Sẹ̀kínátù sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. A mọ ohun tí wọ́n gbọ́ nípa etí ìdílé wa.

Obìnrin kan wá láti Òtu, ó ní òun fẹ́ hun aṣọ. Ó bèèrè nípa aṣọ díẹ̀, ó bèèrè nípa wa púpọ̀. Ó bèèrè àìsàn tó pa bàbá mi. Ó bèèrè wèrè, ó bèèrè wárápá, ó ń fọwọ́ pa aṣọ lórí bí ẹni pé kò ní nǹkan kan lọ́kàn.

Ó ní, "Mo gbọ́ pé àbúrò yín tó ti kú kì í dáhùn téèyàn bá kí i nígbà ayé rẹ̀."

Mo ní, "Ìgbéraga ló ń ṣe é nígbà náà. Ọlọ́run á forí jì í."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ò tíì dìde lórí àga tí àwọn méjì tí ìjọba rán fi wọlé dé.

Mùìbátù gbé omi wá fún wọn, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Lẹ́yìn náà, ó dìde dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wò mí. Ó mọ ohun tí wọ́n bá wá. Inú rẹ̀ ń dùn, nítorí pé èmi ni wọn yóò bi.

Ọlọ́yàyà ni ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn. Ó mu omi, ó ní, "Bàbá, a ò ní dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ọmọ yìí ń gbọ́ràn ni, àbí kò gbọ́ràn?"

Ọwọ́ obìnrin ará Òtu dúró lórí aṣọ.

Mo dìde bí ẹni pé òwú já lórí òfì mi. Mo kẹ̀yìn sí ọmọ náà. Mo ní, "Ó ń gbọ́ràn dáadáa. Àgídí ni. Kò sí adití nílé wa, kò sì sí rí."

Òwú kankan ò já o. Mo kàn ń fọwọ́ kan òfì ni títí wọ́n fi dágbére.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Mùìbátù wá síwájú mi, ó ní kí ni wọ́n bi mí. Mo ní, "Wọ́n ní ṣé ọmọ mi ni ọ́. Mo ní ọmọ mi ni." Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Sẹ̀kínátù rí ọkọ fẹ́. Mùìbátù ò rí iṣẹ́ gbà. A wá gbọ́ pé àwọn ààyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ yẹn ṣófo síbẹ̀, pé ìjọba ní àwọn ò rí akàndá tó kún ojú òṣùwọ̀n. Àwọn akàndá kan tí wọ́n já kulẹ̀ báyìí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, Mùìbátù sì bá wọn lọ. Látìgbà náà, ilé òfì mi ló ń jókòó sí, ó ń ká òwú fún mi. Gbogbo ìwé tó kà, òwú ló fi ń ká.

Èmi ò fá irunmú mọ́ láti ọjọ́ tí àwọn èèyàn yẹn wá. Ẹ̀rù ń bà mí kí ó má lọ rí nǹkan kan lẹ́nu mi. Ó bi mí, mo ní abẹ ń bó mi lára. Ó lọ sọ́jà, ó ra bíléèdì tí kì í bóni lára wá fún mi. Mo gbé e sórí pẹpẹ, mi ò tú u.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó ti kóòtù dé, ó ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi. Mo rò pé ó ti mọ̀. Ó ní, "Bàbá, wọ́n purọ́ mọ́ yín. Agbẹjọ́rò ìjọba ní ẹ̀yin lẹ sọ pé mò ń gbọ́ràn, pé àgídí ni mò ń ṣe. Mo ní bàbá tó ń fá irunmú rẹ̀ nítorí mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀."

Mo yíjú sí òfì mi, mo ń hun aṣọ lọ. Ó rò pé inú ló ń bí mi.

Lọ́yà tó ń gbẹjọ́ rò fún Mùìbátù àtàwọn yòókù wá sílé. Ọmọbìnrin ni, ó níwà. Ó ní dókítà ti yẹ etí Mùìbátù wò, ó sì ti kọ ọ́ pé ó di, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ìjọba ní èèyàn lè díbọ́n fún dókítà, kò lè díbọ́n fún ẹni tó tọ́ ọ dàgbà. Ó ní, "Bàbá, ẹ kàn wá sọ pé ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Tí mo bá búra pé mi ò sọ ọ́, mo fi Kùránì purọ́, mo sì sọ ọkùnrin tó mu omi wa tó sì kọ òótọ́ ohun tí mo sọ di òpùrọ́. Tí mo bá ní èmi ni mo sọ ọ́, pé irọ́ ni mo pa, ọ̀rọ̀ náà á dé Òtu kí ilẹ̀ tó ṣú. Sẹ̀kínátù sì wà nínú oyún níbẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ á ní a tan àwọn ni, á sì máa wo ọmọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n bá bí i. Tí mi ò bá lọ rárá, Mùìbátù pàdánù. Ọjọ́ orí tí ìjọba fi ń gbani síṣẹ́ ti fẹ́ kọjá lára rẹ̀. Kò ní rí irú àǹfààní yìí mọ́.

Mo rò pé mo fẹ́ sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ṣé kí n sọ fún un nílé kí a tó lọ ni, àbí kí n jẹ́ kí ó kà á lẹ́nu mi níwájú adájọ́? Kí ni n ó sọ fún Sẹ̀kínátù? Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ, ẹ̀yin tí ara yín ò pé tí ará ilé yín sì ti sẹ́ yín rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ lẹ́nu irú èmi yìí. Ẹ má sọ pé kí n máa gbàdúrà. Mò ń gbà á.

Láàárọ̀ yìí, mo tú bíléèdì tó rà fún mi. Mo fá irunmú mi. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojú mi ti mọ́ fún kóòtù. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó jókòó kọjú sí mi, ó ń ká òwú. Tí mo bá gbójú sókè, ẹnu mi ló ń wò.