Olùkọ́ Tó Lu Aránṣọ

Lọ́dún tí àwọn ṣọ́jà ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kàmárádì, mo wà nínú takisí kan l'Ájàṣẹ́, à ń dúró kí ọkọ̀ kún ká lè máa lọ sí Sẹ̀mẹ̀, ni olùkọ́ kan tí ètè rẹ̀ wú bá sáré wá bá ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì mí.

"Ìyá Délé, sọ̀kalẹ̀, ká relé."

"Ilé wo? Ibi tẹ́ ẹ ti lu aránṣọ torí ó fi okùn wọn ìdí mi? Mẹ́tìrì, ẹ̀yin olùkọ́, ṣé kó fojú wọ̀n ọ́n ni?"

"Kì í ṣe ẹjọ́ mi. Ó wà nínú ìwé. Láyé ọjọ́un, nínú igbó, ọkùnrin tí kò bá lè jà, wọ́n á gba ìyàwó rẹ̀, kò sì ní bímọ. Àwọn tó jà ló bí wa. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ìjà wà."

"Àwọn tó jà ti kú síbi ìjà. Àwọn tó sá ló bí wa! Ẹ̀jẹ̀ tiwọn ló ń gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá mi yìí."

Gbogbo ọkọ̀ hó yèè. Títí dòní, bí oníbàárà bá fẹ́ kó ìjà wá sídìí àtẹ mi, ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ni mo fi ń parí ẹ̀.

Ọkùnrin náà wẹ̀yìn. "Àwọn ẹ̀gbọ́n aránṣọ ń wá mi kiri àdúgbò Tokpota."

"Ẹ ò ní bá wọn jà ni?"

"Jọ̀ọ́, sún fún mi."

Obìnrin náà gbé ẹrù rẹ̀ lé itan, ó sún. "Ẹ tètè wọlé, kí wọ́n tó rí yín."