Ilẹ̀ Sìmẹ́ǹtì tí Iye Mi Fi Ìgbálẹ̀ Ha

Ìgbà tí ara mi ṣì le koko, tí mo lè ru àpò ẹ̀gẹ́ láti oko dé Ìlútítun láìsọ̀ ọ́, iye mi ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Iye mi, ìyá tó bí mi. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi ò bá a láyé. Ẹ pàdánù o! Obìnrin ńlá ni.

Inú ẹrẹ̀ làwọn ẹlẹ́dẹ̀ ń gbé nígbà náà. Gbogbo àdúgbò ló ń gbóòórùn wa. Ni iye mi bá ní òun á da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ilé wọn. Ó pe Jóòbù, bíríkìlà tó ṣe ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ gbọ́, ó mọ iṣẹ́, àmọ́ bó ṣe dán ti ṣọ́ọ̀ṣì náà ló ṣe dán ti ẹlẹ́dẹ̀! Àwọn èèyàn ń wá wò ó, wọ́n ń kí wa kú oríire. Iye mi náà ń yangàn...

Ní ọjọ́ kẹta, a da oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn: èèpo ẹ̀gẹ́ tí a bó láti ṣe púpurú, àti pàǹtí ẹyìn tí a ti fún epo rẹ̀. Epo tó kù lára pàǹtí yẹn ta sílẹ̀. Abo ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣoṣo tí a ní, tó lóyún, ló yọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ya, ó ń ké, kò lè dìde. Tó bá kú, ó parí nìyẹn. Iye mi kúnlẹ̀ nínú ìgbẹ́, a ki àpò sábẹ́ ikùn rẹ̀, a gbé e lọ sórí yanrìn. Omi bọ́ lójú iye mi. Ó ní, "Èmi ni mo fẹ́ ilẹ̀ tó ń dán. Ẹran ò bẹ̀ mí."

Ta ló ń gba ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ lónìí?

Ó ní kí Jóòbù wá ṣá ojú ilẹ̀ náà, kó da òmíràn lé e. Jóòbù ń ráhùn: "Ìyá, tí mi ò bá dán an, wọ́n á ní mi ò mọ iṣẹ́."

Iye mi ní, "Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀? Ẹlẹ́dẹ̀?"

Jóòbù dà á. Kí sìmẹ́ǹtì tuntun náà tó le, iye mi fúnra rẹ̀ fa ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ lórí rẹ̀, láti ara ògiri dé gọ́tà, kí omi lè rí ọ̀nà lọ, kí pátákò wọn lè rí nǹkan dì mú. Nígbà tó gbẹ, ó bọ́ bàtà, ó rìn ín. Ibi tó bá gún un lẹ́sẹ̀, a fi òkúta ha á. Láràárọ̀ la ń kó pàǹtí, a ń fi eérú fọ epo kúrò, a ń dúró kó gbẹ. Tó bá là níbì kan, ọjọ́ náà la ń dí i.

Abo yẹn ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wà lórí yanrìn, tí iye mi ń fi ọwọ́ bọ́ ọ. Ọjọ́ tó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ilẹ̀ tuntun... ó dúró. Ó gbé èkejì. Iye mi fọwọ́ bo ẹnu. Ẹran náà rìn dé ògiri, kò yọ̀! Ó bí mẹ́jọ, gbogbo wọn yè.

Lónìí ẹ ń fi táìlì ṣe ilé ẹran, kí ẹ lè ya á ní fọ́tò. Ọmọ́wùmí, ìwọ tó ń kọ́ tìrẹ sí Igbódìgò, má bínú sí mi. Kó o tó kó wọn wọlé, da omi sílẹ̀ náà, kó o rìn ín. Tó bá yọ̀ ọ́, ìwọ lo jẹ̀bi, kì í ṣe bíríkìlà. Fẹnu ara rẹ sọ pé ìwọ lo jẹ̀bi, kó o tún ilẹ̀ náà ṣe. Bí iye mi ṣe ṣe nìyẹn, láìwọ ilé ìwé kankan. Títí dòní, mo ṣì ń gbìyànjú láti dà bíi rẹ̀... mi ò tíì dé ibẹ̀.