Orí Ṣífà tí Mo Gbé Kọjá Níwájú Yín

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò rí mi! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tiẹ̀ dán an wò, ẹ má fi àga lọ̀ mí, mi ò jókòó, orí ìdúró tí mo wà yìí ni n ó ti sọ ohun tí mo bá wá, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí ọkọ yín lọ síbi iṣẹ́ ná, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá méjì ni. Ẹ ò rí mi! Obìnrin tó gbé orí ère Ṣífà, Ọlọ́run wa, mọ́yà láàárín títì, orí tó tóbi ju ìkòkò ìrẹsì lọ, tí wọ́n kùn ní búlúù, tó lójú mẹ́ta, tí ìrù ejò ṣì ń jù fìrìfìrì lọ́rùn rẹ̀, òun lẹ ò rí? Ta lẹ wá rí lọ́jọ́ náà? Ṣé ẹ̀fọn ni mí ni?

Ẹ fún ọkùnrin tó wà níwájú mi lómi nídìí tábìlì yín ní oríta. Ojú mi ló ṣe. Ẹ bu omi ọsàn wẹ́wẹ́ fún un, ẹ tún tẹ̀ ba, ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, bí a ti ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Adágún Gáńgà lọ́dún Ṣífà, nítorí ẹni tó ń lọ bá Ọlọ́run, bí Ọlọ́run là á gbà á títí yóò fi padà délé. Àbí bí ìyá wa ṣe kọ́ wa kọ́ nìyẹn? Ó wá kàn mí, ẹ gbé ife kọjá lójú mi báyìí, fìrì, ẹ gbé e fún ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn mi. Ọ̀fun mi ti gbẹ, ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi, ọ̀dà títì ti jó mi lẹ́sẹ̀, ọmọ ìyá mi, tí a jọ mu ọmú kan náà, ló fi òùngbẹ rán mi lọ lójú gbogbo ayé!

Pé ó yẹ kí n pè yín? Mo pè yín! Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi." Mo pè yín jẹ́jẹ́ ni, kí ẹlòmíràn má baà gbọ́, nítorí ojú ti ń tì mí tó. Ẹ sì gbọ́. Ẹ gbọ́ o, torí omi dà lọ́wọ́ yín sórí tábìlì, ẹ fi aṣọ nù ún. Mo fi ìyá tó bí wa búra, mo rí i.

Hẹn? Pé ọwọ́ ara wa la fi fà á? Ta ló ní a ò fà á? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, nítorí mo mọ̀ pé ẹnu àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ ti gbọ́ tiyín.

Baitka wa ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi ìpàdé abúlé, tí gbogbo wa jókòó tí à ń jiyàn lórí kanwar ọdún yìí, ojúbọ Ṣífà tí a máa ń gbé rìn lọ sí adágún. Bàbá Sewlall dìde, ẹ mọ̀ ọ́n, bàbá arúgbó yẹn tó ti ń fi èjìká gbé kanwar láti ìgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Ó ní ẹ̀yin ọmọ mi, ọparun àti bébà aláwọ̀ mèremère ni bàbá tiwa fi ń ṣe kanwar, Ṣífà á jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni jókòó sílé, a ó gbé e léjìká, a ó máa rìn. Ó ní èyí tí èjìká ò bá lè gbé, kanwar kọ́ nìyẹn mọ́, ilé alájà ni, ẹ jẹ́ kó mọ níwọ̀n, wáyà iná wà lójú ọ̀nà. Bàbá Oomesh bá fò dìde. Ọkọ tèmi! Ó ní, "Ṣé Ọlọ́run kékeré ni Ṣífà ni, tí a ó máa gbé e kiri bí ẹni gbé agbọ̀n adìẹ? Àwọn ará Belle Roche ni kó máa gbé kékeré, ibi tí ìgbàgbọ́ tiwọn mọ nìyẹn!" Ilé hó yèè. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n lu àga, ọmọ mi Oomesh ló súfèé jù. Wọ́n ní Bàbá Sewlall ti darúgbó, kí wọ́n bá a wá tíì.

Bẹ́ẹ̀ ni, abúlé ọkọ yín ló bú, mo mọ̀, mo wà níbẹ̀. Ṣé mo ní kí ẹ dárí jì í ni?

Wọ́n wá kọ́ ọ. Wọn kì í sì í ṣe òmùgọ̀ pátápátá o, ká sọ tòótọ́. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ọparun gígùn kan rìn láti Vieux Moulin abúlé wa títí dé adágún, wọ́n wá wáyà tó rẹlẹ̀ jù lọ́nà, èyí tó wà lórí oríta yín níbí ni wọ́n sì rí, wọ́n gé ọparun náà kó má kàn án, wọ́n gbé e wálé, wọ́n ní Ṣífà ò gbọdọ̀ ga ju ọparun yìí lọ. Ọgbọ́n nìyẹn, àbí? Gbogbo abúlé kí wọn. Nínú àgọ́ katakata ni wọ́n ti kọ́ ọ, lórí ilẹ̀, wọ́n fi bébà àti ọ̀pá irin ṣe ara, wọ́n fi òṣùpá sí i nírun, ó rẹwà, ẹ jẹ́ kí n má purọ́, mo sunkún ayọ̀ nígbà tí pandit, àlùfáà wa, ṣí ojú rẹ̀ tó sì pe Ọlọ́run wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé e ka orí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ìrèké, kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ ga dé ìbàdí mi. Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wọn Ọlọ́run, wọn ò wọn táyà!

Wọn ò wọn táyà. Gbogbo ọkùnrin tó kún baitka yẹn, tí wọ́n ń dá ara wọn lóhùn bí ìgbìmọ̀ ìjọba, kò sẹ́nì kan tó rántí pé kẹ̀kẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, mo rí ètè yín tó ń jà. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni.

Bẹ́ẹ̀ la kọrin dé oríta yín, a wọ funfun, a ò wọ bàtà, inú wa ń dùn, wáyà bá dá wa dúró. Ọlọ́pàá fọn fèrè. Ó ní òun ò gbọdọ̀ rí ẹni tó máa fi igi gbé wáyà sókè, ó sì tọ̀nà, iná mànàmáná ò mọ ẹlẹ́sìn. Abúlé mìíràn ti dé ẹ̀yìn wa, òmíràn ti dé ẹ̀yìn tiwọn, oòrùn ń ta, ọmọ ń ké, ọ̀nà há, kẹ̀kẹ́ ò ṣeé yí padà, wọn ò sì lè gbé e sọ̀ nítorí wọ́n ti fi irin dè é mọ́ kẹ̀kẹ́ gbágbáágbá. Ni àwọn èèyàn ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀: "Ẹ gé e! Ẹ gé e ká ráyè lọ!" Háà! Ẹ gé kí ni? Ẹ gé ta ni?

Àwọn ọ̀dọ́ tó pàtẹ́wọ́, kò sí ọ̀kan tó gba àdá nínú wọn. Oomesh tí mo fi ọmú yìí tọ́ sá lọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó lóṣòó, ó ń wo táyà. Ìgbà yẹn ló wá rí táyà!

Bàbá rẹ̀ ló gùn ún. Àdá tó fi ń gé ìrèké, tó fi wá oúnjẹ fún wa láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀, òun ló mú gòkè. Ó dijú. Mo rí ètè rẹ̀ tó ń bẹ Ọlọ́run. Bébà ni, mo mọ̀ pé bébà ni, àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kì í ṣe bébà mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i lójú. Ẹ̀gbọ́n mi, ìró àdá yẹn ò kúrò létí mi. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ẹnì kan péré, ni wọ́n bá ń yọ fóònù lápò ní gbogbo ọ̀nà. Fídíò náà ti yí gbogbo erékùṣù Mọ́ríṣọ́ọ̀sì po. Ọmọ àbúrò ọkọ mi pè mí láti ilẹ̀ Faransé, ó ní Àǹtí, ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé e mọ́yà yẹn ṣá? Mo ní èmi kọ́. Mo ní èmi kọ́, mo sì fi fóònù sílẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nítorí ọkọ mi nawọ́ orí tó ti gé náà sísàlẹ̀, ó ní, "Ẹ gbà." Gbogbo wọn fà sẹ́yìn. Ta ni yóò gbà á? Ṣé ká jẹ́ kó já bọ́ sórí ọ̀dà kí mọ́tò máa gùn ún ni? Èmi ni mo nawọ́. Mi ò ronú, mo kàn nawọ́ bí ẹni fẹ́ gba ọmọ tó ń ṣubú. Ìgbà tí mo wá rí i pé ojú gbogbo ayé wà lára mi, mo wò yíká, mo rí tábìlì yín, mo rí yín. Mo ní, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ìdí tí mo fi tò sórí ìlà omi nìyẹn. Òùngbẹ nìkan kọ́. Mo fẹ́ kí ẹnì kan wò mí bí èèyàn ni.

Rárá, mi ò mu tíì. Ẹ gbé e padà. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ lè fún mi ní tíì.

Kí lẹ wí? Ẹ gbé ohùn sókè, ẹ má sọ ọ́ sínú aṣọ. Pé ìyá ọkọ yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹn. Pé láti àárọ̀ ló ti ń sọ pé ẹ̀sín ń bọ̀ wá bá àwọn agbéraga Vieux Moulin, pé àwọn obìnrin tó kù ń rẹ́rìn-ín, pé ẹ fẹ́ sọ pé "àbúrò mi nìyẹn," ẹnu yín ò là. Ojú tì yín. Ó wá yé mi. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi, èyí dára ju "mi ò rí ọ" lọ. Ṣùgbọ́n bí ojú bá tì yín níbi tí ẹ dúró sí pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́, kí lẹ rò pé ó ṣe mí?

Ikú yá ju ẹ̀sín, àwọn àgbà ò purọ́. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣú kí n tó yọjú lọ ra iyọ̀. Bàbá Oomesh kọjú sí ògiri, kò jẹ, kò mu, bó bá tiẹ̀ ń bú mi, ìbá sàn. Baitka wá tún pàdé lánàá o, mo ní wọ́n á sunkún, wọ́n á tọrọ àforíjì, kò sóhun tó jọ ọ́! Àríyànjiyàn ni wọ́n ń ṣe lórí bí ti ọdún tó ń bọ̀ ṣe máa ga tó. Bó ṣe máa ga tó! Ẹgbẹ́ kan ní kó rẹlẹ̀, ẹgbẹ́ kan ní ká pààrọ̀ táyà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wọn. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé orí ń kọ́?

Yàrá tí mò ń kó ìrẹsì sí ló wà. Mi ò lè gbé e sórí pẹpẹ, ère tó ti fọ́ kì í gba òdòdó mọ́. Mi ò lè jù ú sí ààtàn, àfi bí mo bá fẹ́ ya wèrè. Mo bá wọlé lọ bu ìrẹsì, ojú mẹ́ta ń wò mí, mo da aṣọ bò ó, ó ń wò mí látinú aṣọ. Ẹ mọ̀ pé omi ló yẹ kó lọ, kí ẹnì kan gbé e wọnú odò, kí ẹnì kejì mú iná káńfọ̀ dání létí omi títí yóò fi rì. Iṣẹ́ ẹni méjì ni, ẹnì kan ò lè dá a ṣe. Mo bẹ ọkọ mi, ògiri ló ń wò. Mo bẹ ọmọ mi, ó ní wọ́n á tún fi fóònù ya òun. Mo bẹ àwọn obìnrin àdúgbò, òjijì ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun gbogbo wọn.

Ẹ yọjú sí géètì yín. Ẹ yọjú! Kí lẹ rò pé ó wà nínú wílíbáárò yẹn, kùkúńdùkú? Inú oko ìrèké ni mo gbà wá bí olè, ẹ wo apá mi bí ewé ti ya á, mò ń tì í, mò ń sunkún, mò ń wẹ̀yìn. Ìgbà tó yá mo dúró láàárín oko, mo bi ara mi léèrè: Kowsilla, kí lo jí? Àwọn tó pariwo ń bẹ nílé, ẹni tó gé e ń bẹ lórí ibùsùn, ìwọ tí o gbà á kó má ṣubú ni ò ń sá pamọ́ sábẹ́ ìrèké?

Mi ò gba ibẹ̀ padà mọ́. Títì gbangba la ó gbà lọ sódò, abẹ́ wáyà yín yẹn gan-an la ó gbà. Mi ò sì ní tì í, Ọlọ́run kì í ṣe yanrìn. Ọwọ́ la ó fi gbé e, èmi lápá ọ̀tún, ẹ̀yin lápá òsì.

Ẹ má wo fèrèsé, mo ti rí i tipẹ́ pé kọ́tìnnì ń mì. Ẹ kú àárọ̀ o, ìyá! Kowsilla ni, àbúrò ìyàwó ọmọ yín, ará Vieux Moulin, lọ́dọ̀ àwọn tó gé orí Ọlọ́run wọn! Ó tán, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti mọ̀. Ẹ ò tíì dìde? Mi ò ní purọ́ fún yín, ojú máa tì yín láti ẹnu géètì yìí títí dé odò, ó máa tì yín gidi. Èmi nìkan ló ti ń tì láti ọjọ́ yìí, ó sì ti wúwo jù fún ẹnì kan. Ẹ bọ́ bàtà yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé apá tiyín.